Ológbò Kò Sí Nílé, Ilé Di Ilé Èkúté: Bí Àìsí Kìnnìún àti Ẹkùn Ṣe Ń Kan Oko àti Ilé-Ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àṣamọ̀

Bébà yìí ṣàlàyé bí àwọn ẹranko apẹranjẹ tó wà ní téńté àwọ̀n oúnjẹ ṣe ń nípa lórí ẹ̀dá mìíràn tí wọn kì í jẹ, tí wọn kì í sì í bá pàdé. Àpẹẹrẹ tí a gbé ka iwájú ni ti orílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí kìnnìún àti ẹkùn ti dínkù, tí ìnàkí pọ̀ sí i, tí ìnàkí wọ oko, tí àwọn òbí kan sì ń fi ọmọ wọn sílé kí wọ́n lè ṣọ́ irè oko. A ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí ipa bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá, ìyẹn ẹnu àti ẹ̀rù. A yẹ ọ̀rọ̀ kìnnìún wò ní Nàìjíríà. A sì dá àbá lórí bí a ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE kí wọ́n lè fi àwọ̀n oúnjẹ kọ́ni, kí wọ́n má dúró sórí ẹ̀wọ̀n oúnjẹ nìkan.

Kókó-ọ̀rọ̀: àwọ̀n oúnjẹ, apẹranjẹ àgbà, ìnàkí, ìṣọ́ oko, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá ṣí ìwé orúkọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tó pe orúkọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ èsì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ibà ni, tàbí pé owó ilé-ìwé kò tíì pé, tàbí pé ìyá ọmọ náà rán an lọ sí ọjà. Kò wọ́pọ̀ kí olùkọ́ rò ó pé ẹkùn tó ti tán nínú igbó tó yí abúlé ká wà lára ohun tó jẹ́ kí àga ọmọ náà ṣófo. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tí àwọn onímọ̀ rí nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ti ní òye ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ológbò kò sí nílé, ilé di ilé èkúté. Ẹ jẹ́ kí a wo òwe náà dáadáa. Ológbò kì í jẹ gààrí, kì í jẹ èlùbọ́, kì í sì í jẹ aṣọ inú àpótí. Síbẹ̀, bí ológbò bá kúrò nílé, gààrí á dínkù, àpò èlùbọ́ á lu, aṣọ á sì ya. Ohun tó dé bá gààrí kò ti ọwọ́ ológbò wá ní tààrà. Èkúté tó wà láàárín wọn ló gbé e kọjá. Irú ipa báyìí, tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀dá kan kọjá lára ẹ̀dá kejì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, ni a ó máa pè ní ipa àgbàkọjá nínú bébà yìí.

Èrò wa ni pé ipa àgbàkọjá yẹ kó wà láàárín gbùngbùn ohun tí a ń kọ́ àwọn tó máa kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ igbó nìkan. Ó kan àká àgbẹ̀, ó kan ìlera ìdílé, ó sì kan ìwé orúkọ kíláàsì.

Ẹ̀wọ̀n oúnjẹ àti àwọ̀n oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ nípa ẹ̀wọ̀n oúnjẹ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tata ń jẹ koríko, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tata, ejò ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, àṣá ń gbé ejò. Àwòrán náà dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ọmọ pé ewéko tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ ni orísun agbára tí gbogbo ẹranko ń lò. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Èkíní, ó lè jẹ́ kí ọmọ rò pé oúnjẹ kan ṣoṣo àti ọ̀tá kan ṣoṣo ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní. Èkejì, ó lè jẹ́ kó rò pé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nìkan ni ipa ń gbà: koríko gbẹ, tata kú, ebi pa ọ̀pọ̀lọ́. Bí àṣá bá kú ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n tí a yà sójú pátákó kì í sábà béèrè ìyẹn.

Àwọ̀n ló wà nínú igbó gidi. Ẹ wo ìnàkí. Ìnàkí tí a ń sọ níhìn-ín ni ọ̀bọ ńlá ẹlẹ́nu gígùn bí ti ajá, tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ lórí ilẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní *Papio anubis*. Ó ń jẹ èso, gbòǹgbò, koríko, kòkòrò àti ẹyin ẹyẹ. Bí ó bá rí ọmọ ẹtu tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sínú koríko, á pa á jẹ. Ẹkùn náà ń jẹ ẹtu, ó ń jẹ àgbọ̀nrín àti ọ̀yà, ó sì tún ń pa ìnàkí fúnra rẹ̀ jẹ. Ìnàkí àti ẹkùn ń du ẹran kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn tún jẹ́ ẹran fún ìkejì. Bí apẹja bá fa ojú àwọ̀n kan, ojú tó wà ní ìkángun kejì á mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn rí.

Ní òkè àwọ̀n náà ni àwọn tí a ń pè ní apẹranjẹ àgbà wà: kìnnìún, ẹkùn, ìkookò, àwọn tí ẹranko mìíràn kì í fi ṣe oúnjẹ bí wọ́n bá ti dàgbà. Lábẹ́ wọn ni àwọn apẹranjẹ àárín wà, tí wọ́n ń pa ẹran jẹ, tí àwọn àgbà sì ń pa àwọn náà. Lábẹ́ àwọn yẹn ni àwọn ajẹko, ewéko sì wà ní ìpìlẹ̀.

Àwọn apẹranjẹ àgbà kì í pọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ìṣirò tí a fi ń kọ́ni ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó wà ní ìpele kan ló ń dé ìpele tó tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù á ti bá ooru ara àti ìrìn lọ. Nítorí náà, igbó tó lè bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹtu lè má bọ́ ju ìwọ̀nba kìnnìún lọ. Wọn kì í sì í tètè bí sí i. Ìbọn díẹ̀, pàkúté díẹ̀, májèlé díẹ̀ lára òkú màlúù, igbó á ti ṣófo. Àwọn tó kéré jùlọ níye ni wọ́n tètè ń tán, bẹ́ẹ̀ àìsí wọn ń hàn lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀nà méjì: ẹnu àti ẹ̀rù

Ọ̀nà méjì ni apẹranjẹ àgbà ń gbà ṣàkóso àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ẹnu. Ó ń pa wọ́n, iye wọn á sì mọ níwọ̀n. Èyí yé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rù, òun ni a kì í sábà kọ́ ọmọ. Ẹran tó mọ̀ pé ẹkùn wà nítòsí kò ní jẹun níbi tó wù ú. Á yẹra fún pápá gbalasa, á máa gbé orí sókè wò yíká, á sì tètè padà síbi ààbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewéko tó wà níbi tí ẹran ń bẹ̀rù á rí ààyè dàgbà, bí ẹkùn kò tilẹ̀ pa ẹran kankan lọ́jọ́ náà.

A rí ẹ̀rí èyí ní orílẹ̀-èdè Mozambique. Ogun abẹ́lé tó jà níbẹ̀ láti 1977 sí 1992 run ọ̀pọ̀ ẹranko inú ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Gorongosa, ẹkùn sì wà lára wọn. Àgbọ̀nrín, tó jẹ́ ẹranko abẹ́ igi, wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí pápá gbalasa etí odò, ó ń jẹ ewéko ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Justin Atkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé sípíkà lọ síbẹ̀, wọ́n fi ohùn ẹkùn dún. Àwọn àgbọ̀nrín padà sábẹ́ igi. Èsì ìwádìí náà jáde ní 2019. Kò sí ẹkùn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ń jẹun yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ghana

Ní Ghana, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti ń rìn yí inú igbó ọba ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ iye ẹranko tí wọ́n rí sílẹ̀. Igbó ọba 6 tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n ti ṣe é: Shai Hills tó kéré tó sì súnmọ́ Accra, Kalakpa, Gbele, Bui, Digya, àti Mole tó wà lápá àríwá, tó sì fẹ̀ ju 4,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Àkọsílẹ̀ wọn láti 1968 títí di 2004 wá di ìṣúra fún àwọn onímọ̀. Justin Brashares ti Yunifásítì California ní Berkeley, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló yẹ ẹ́ wò fínnífínní.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé ẹran inú igbó ti dínkù gidigidi. Nínú bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n fi hàn pé láàárín 1970 sí 1998, àpapọ̀ ìwọ̀n irú ẹranko 41 tí wọ́n wò fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ní ọdún tí ẹja bá wọ́n, ìpẹran inú igbó a máa pọ̀ sí i. Èyí gan-an jẹ́ ipa àgbàkọjá: ẹja dínkù lókun, ẹran dínkù ní ọ̀dàn, nítorí pé ènìyàn tó ń wá ohun tó máa fi jẹun ló wà láàárín wọn.

Ohun kejì ló kàn wá jù. Bí kìnnìún àti ẹkùn ṣe ń dínkù, tí wọ́n sì ń pòórá pátápátá nínú àwọn igbó ọba kan, bẹ́ẹ̀ ni ìnàkí ń pọ̀ sí i, tó sì ń tàn dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹranko yòókù ń relẹ̀, ìnàkí ń gòkè. Ó gbọ́n, ó ń gbé nínú ọ̀wọ́ ńlá, kò sí oúnjẹ tí kò lè jẹ; nítorí náà ó lè gbé nítòsí ènìyàn ju ẹranko mìíràn lọ. Kìnnìún àti ẹkùn ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́, bí wọ́n ti kúrò lọ́nà, ọ̀nà là fún un.

Láti ibẹ̀ ni ipa náà ti ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Níbi tí ìnàkí ti pọ̀, àwọn ẹtu kéékèèké àti àwọn ọ̀bọ mìíràn ń dínkù, nítorí pé ìnàkí ń pa ọmọ wọn jẹ, ó sì ń bá wọn du oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ìnàkí wọ oko. Ọ̀wọ́ ìnàkí tó bá wọ oko àgbàdo kì í jẹ ìwọ̀nba. Á ṣẹ́ èyí tó gbó àti èyí tí kò gbó, á jẹ díẹ̀, á da ìyókù sílẹ̀. Bí ọ̀wọ́ náà ṣe ń gbé nítòsí abúlé, àrùn náà ń bá wọn rìn. Nínú ìwé tí James Estes àti àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ jáde ní 2011 lórí bí àìsí àwọn apẹranjẹ àgbà ṣe ń ba ayé jẹ́, wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìnàkí yìí: aràn inú pọ̀ sí i lára àwọn ìnàkí, ó sì pọ̀ sí i lára àwọn ènìyàn tó ń gbé nítòsí wọn.

Ibi tó ti kan àwa olùkọ́ ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Bí oko bá wà nínú ewu, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá ń roko mìíràn, ìyá wà lọ́jà tàbí nídìí ìkòkò. Ta ló kù? Ọmọ ni. Nínú bébà tí Laura Prugh, Brashares àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n kà á mọ́ iye tí àwọn ènìyàn ń san fún àìsí àwọn apẹranjẹ àgbà pé àwọn ìdílé kan ń yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kí wọ́n lè máa lé ìnàkí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti dúró sórí àpáta tàbí lábẹ́ àtíbàbà rí nígbà èwe, tó ń sọ òkò sí ẹyẹ lóko ìrẹsì, mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìwé kà.

A kò sọ pé gbogbo ìnàkí tó wọ oko ni àìsí ẹkùn ló fà á o. Oko tí a dá wọ inú igbó wà lára ohun tó fà á. Oúnjẹ tí àwọn àlejò ń jù fún ìnàkí wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́rìndínlógójì nínú igbó ọba 6 kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀rí láti ibòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Ghana. Ní 1963, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Paine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja ìràwọ̀ kúrò lára àpáta etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ẹja ìràwọ̀ yìí ni apẹranjẹ àgbà níbẹ̀, ìgbín òkun oníkarawun méjì ló sì ń jẹ jù. Bí kò ṣe sí i mọ́, ìgbín òkun náà gba gbogbo ojú àpáta, wọ́n lé àwọn yòókù. Irú ẹ̀dá 15 tó wà níbẹ̀ di 8, gẹ́gẹ́ bí Paine ṣe kọ ọ́ ní 1966. Lẹ́yìn náà ló wá fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, ó fi wọ́n wé òkúta tó di ẹnu ọ̀nà mú kí ó má wó. Yorùbá ní orúkọ tó bá a mu rẹ́gí: òpómúléró. Òpó náà lè jẹ́ ẹyọ kan péré, ṣùgbọ́n òrùlé wà lórí rẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù láyé ni ti ọgbà Yellowstone, ní Amẹ́ríkà bákan náà. Wọ́n pa àwọn ìkookò ibẹ̀ tán ní 1926. Àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk pọ̀, wọ́n ń jẹ ọ̀mùnú igi etí odò. Ní 1995 àti 1996, wọ́n kó ìkookò 31 láti Kánádà wá síbẹ̀. Elk dínkù, igi etí odò sì gbèrú padà ní àwọn ibì kan. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn jiyàn lórí ìwọ̀n tó jẹ́ iṣẹ́ ìkookò nínú rẹ̀, torí pé ọ̀dá, béárì àti ọdẹ náà kó ipa tiwọn. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ àríyànjiyàn náà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń kọ́ wọn pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìtàn àlọ́ tó máa ń parí sí ibi tó dùn.

Prugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, láàárín 200 ọdún, ilẹ̀ tí gbogbo àwọn apẹranjẹ tó tóbi jù ń gbé ti sún kì, nígbà tí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn apẹranjẹ àárín ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ìnàkí ilẹ̀ Ghana kò dá nìkan wà.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ní 2014, Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí kìnnìún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wo agbègbè ìdáàbòbò 21. Ní 4 péré ni wọ́n ti rí kìnnìún. Wọ́n ṣírò pé gbogbo kìnnìún tó kù ní ẹkùn wa yìí kò ju nǹkan bí 400 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní ibi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Nínú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, méjì wà ní Nàìjíríà: Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àti ọgbà Kainji tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara. Díẹ̀ ni kìnnìún tó wà nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí wà nílé wa. Aṣojú tó bá ti dé ìsun omi gbígbóná Wikki ní Yankari rí yóò rántí ìnàkí ibẹ̀, tí wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò lọ́sàn-án gangan. Kainji kò jìnnà púpọ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá. Aládùúgbò wa ni. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà bíi Kainji, National Park Service, wà ní Àbújá níbí. Ẹkùn sì wà nínú oríkì wa lójoojúmọ́. A ń fi ṣe àpọ́nlé fún ọmọ, a fi ń sọ agbára jagunjagun. Ọmọ tó ń gbọ́ oríkì náà lónìí kò rí ẹkùn rí, ẹni tó ń kì í náà lè má rí i rí.

Ó yẹ kí a sòótọ́ nípa ti àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ igbó ọba. Kìnnìún ń pa màlúù. Ẹkùn ń gbé ewúrẹ́ àti ajá. Darandaran tí kìnnìún pa màlúù rẹ̀ lálẹ́ àná kò ní gbọ́ ìwàásù nípa àwọ̀n oúnjẹ láàárọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìpalára tí kìnnìún ń ṣe ń hàn lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́jọ́ rẹ̀ sì hàn. Ìpalára tí àìsí kìnnìún ń ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń pín ara rẹ̀ sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé: agbọ̀n àgbàdo kan níhìn-ín, aràn inú lọ́hùn-ún, ọmọ kan tí kò wá sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó ń ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe lè fi kọ́ni

Ohun mẹ́ta ni a mú wá, tí kò gba owó púpọ̀.

*Okùn.* Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá dúró yíká. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi páálí kọ́rùn: koríko, àgbàdo, tata, ẹtu, ọ̀yà, ìnàkí, ẹkùn, kìnnìún, àgbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé. Kí a ta okùn láti ọwọ́ ẹni tó ń jẹ dé ọwọ́ ẹni tó ń jẹ, láti ọwọ́ ìnàkí dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń lé e, àti láti ọwọ́ àgbẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ tó ń rán lọ ṣọ́ oko. Nígbà tí okùn bá ti le dáadáa, kí ẹkùn àti kìnnìún ju tiwọn sílẹ̀. Kí ẹni tí okùn ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ nawọ́ sókè, kí òun náà sì ju tirẹ̀ sílẹ̀. Kí a wá béèrè pé ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ẹkùn àti ọmọ ilé-ìwé.

*Àmì.* Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ ìṣirò lè jọ kọ́ èyí. Ẹkùn ń dín ìnàkí kù: àmì ìyọkúrò. Ìnàkí ń dín àgbàdo kù: àmì ìyọkúrò. Bí a bá fi ìyọkúrò sọ ìyọkúrò di púpọ̀, àfikún ni a ó rí. Ẹkùn tí kì í jẹ àgbàdo ń fi kún àgbàdo. Lẹ́yìn náà kí a fún wọn ní èyí tó le jù. Ẹkùn ń dín ìnàkí kù, ìnàkí ń dín ẹtu kù. Nípa ọ̀nà yìí, ẹkùn ń fi kún ẹtu. Ṣùgbọ́n ẹkùn tún ń pa ẹtu jẹ ní tààrà, ìyẹn ìyọkúrò. Ọ̀nà méjèèjì ń ta ko ara wọn. Èwo ló lágbára jù? Àmì nìkan kò lè dáhùn. Àfi kí ènìyàn wọ inú igbó lọ kà, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó Ghana ṣe kà. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ ìdí tí ìwé àkọsílẹ̀ fi níye lórí.

*Ìwé orúkọ.* Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí T.P., ní abúlé kan ní Kwali, Abaji tàbí Kuje, lè ka iye ọmọ tí kò wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì fi wé àkókò tí irè oko ń gbó ní agbègbè náà. Kó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí: kí ni ọmọ ń ṣọ́ lóko? Ẹyẹ ni àbí ọ̀bọ? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà èwe yín? Ẹranko wo ló wà nínú igbó nígbà náà tí kò sí mọ́? Àgbà ọdẹ tó wà lábúlé lè sọ ohun tí ìwé kankan kò kọ. A kò gbọ́dọ̀ fi èsì náà jẹ ọmọ tàbí òbí níyà. Àìlọ ilé-ìwé wọn jẹ́ àmì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká wọn.

Àbá

1. Kí àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi ipa àgbàkọjá kún ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE nígbà tí wọ́n bá dé orí ẹ̀kọ́ ẹ̀wọ̀n oúnjẹ. Kí àjọ NCCE náà fojú wo ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó bá ń tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe.

2. Kí àpẹẹrẹ inú ìwé wa wá láti ìtòsí. Ìkookò Yellowstone dára, ṣùgbọ́n ìnàkí Ghana àti kìnnìún Kainji ló yẹ kó ṣáájú.

3. Kí àwọn ẹ̀ka èdè bá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ṣiṣẹ́ pọ̀ láti wá ọ̀rọ̀ tó bá ohun kọ̀ọ̀kan mu ní èdè ọmọ. Ìyàtọ̀ ẹ̀wọ̀n àti àwọ̀n yé ọmọ Yorùbá kí olùkọ́ tó ṣàlàyé. Èdè yòókù tí a ń sọ níbi àpérò yìí ní tiwọn pẹ̀lú.

4. Kí àwọn ilé-ìwé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ igbó ọba máa pa àkọsílẹ̀ àìwá ọmọ mọ́ dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdáàbòbò ẹranko. Owó tí wọ́n bá ná lórí ọgbà tó lágbára tàbí aṣọ́ko àgbàlagbà lè dá ọmọ padà sí kíláàsì.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé di ahoro. Ènìyàn ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n igbó náà ní àgbà tirẹ̀. Ní Ghana, nígbà tí àgbà kúrò níbẹ̀, ìnàkí gbà á, ó ti inú igbó dé inú oko, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ilé-ìwé. Bí a bá kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la láti tọ okùn náà láti ìkángun kan dé ìkángun kejì, nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ kan tí kò dáhùn, wọn yóò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko àti nínú igbó, kí wọ́n tó fi bírò kọ ọ́ pé kò wá.